Àkísà Ẹsẹ̀ Adìẹ Màmá Ẹ̀yìn

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ojú fèrèsé lọ, mo fi ojú ara mi rí abo adìẹ kan tó hu ògàn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tó jẹ́ pé inú fìríìsà lẹ ti ń bá adìẹ pàdé, tí wọ́n ti gé orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ó lè má yé yín. Ògàn ni nǹkan líle ṣóńṣó tó máa ń yọ bí ìwo lẹ́yìn ẹsẹ̀ àkùkọ. Òun ni àkùkọ fi ń jà. Abo adìẹ kì í sábà ní in, bó bá sì ní in, àwọn àgbà ayé ìgbà náà kì í dákẹ́ sí i.

Ǹ bá má sọ ìtàn yìí rárá. Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ló fà á. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a jókòó síwájú ilé wa ní Gwarinpa, ó ń bá mi di irun. Ló bá di àgbọ̀n mi mú, ó gbé ojú mi sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti ń hu irùngbọ̀n o! Ẹ ti fẹ́ di Dádì!" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó tún pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá wò ó. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, nínú àgbàlá kan ní Orozo, àti pé kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó tó wọlé lọ mú nǹkan tí yóò fi fa irun náà tu jáde, omi ti lé sí mi lójú.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mọ̀! Mọ́mì, mo kàn ń ṣeré ni o." Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó jókòó, kó pe àbúrò rẹ̀ padà. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mò ń sọ fún yín yìí, àfi pé ibì kan wà tí mi ò lè sọ fún wọn lójúkorojú.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Abuja nígbà náà ni. Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà ló gbé wọn kúrò ní Èkìtì. Ilé tí ìjọba ṣèlérí kò tíì sí. Ni bàbá mi bá gba yàrá méjì fún wa nínú àgbàlá ìyá Gbagyi kan, ọmọ onílẹ̀, ní Orozo. Orozo tí ẹ̀ ń rí lónìí, tí ilé ti kún, tí ọkọ̀ ń fọn fèrè lára wọn láàárọ̀, oko ọkà bàbà àti oko iṣu ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Bí èèyàn bá jí láàárọ̀, ohùn màmá onílé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, tó ń fi Hausa kí wa, "Sànnu, sànnu," àwa ọmọdé a dáhùn pé "Yauwa," a ó sì sáré lọ síbi kànga. Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, eruku rẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ lára èèyàn.

Ìdílé Yorùbá mẹ́ta ló wà nínú àgbàlá náà. Àwa ni ti iwájú. Dírẹ́bà kan tó ń wa tírélà yanrìn àti ìyàwó rẹ̀ wà láàárín. Ní yàrá tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, obìnrin ará Okun kan ń dá gbé níbẹ̀. Màmá Ẹ̀yìn la ń pè é, nítorí yàrá rẹ̀. Ó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Bí òun àti màmá mi bá ń sọ̀rọ̀, òun a fọ Okun, màmá mi a fọ Èkìtì, wọn a sì gbọ́ ara wọn yé ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti ìyàwó dírẹ́bà lọ. Màmá Ẹ̀yìn ló gbẹ̀bí àbúrò mi ọkùnrin, lórí ẹní, nígbà tí ọkọ̀ kò sí láti gbé màmá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Karshi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bírìkìlà ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n jọ wá ni, nítorí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ pọ̀ ní Abuja. Ọyẹ́ kejì tí wọ́n lò níbẹ̀, àìsàn dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀, kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Wọ́n gbé e lọ sin sílé. Nígbà tí Màmá Ẹ̀yìn tẹ̀lé òkú délé, àwọn ẹbí ọkọ bi í léèrè pé ọmọ rẹ̀ dà. Kò rí ọmọ fi hàn wọ́n. Ló bá padà sí Orozo, màmá onílé sì ní kó máa gbé inú yàrá rẹ̀ lọ, pé ta ló fẹ́ lé e. Gbogbo ohun tó kù ún kù láyé kò kún àpótí kan, àfi adìẹ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló ra adìẹ náà fún un ní ọjà Karshi, lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n ná ní ilẹ̀ yìí. Adìẹ pupa rúsúrúsú ni, ọrùn rẹ̀ dúdú. Ó ti yé títí, ó ti pamọ títí, débi pé ìdajì adìẹ inú àgbàlá wa, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Èmi náà ní ọ̀kan. Màmá Ẹ̀yìn ló fún mi sìn. Àṣà wa ni nígbà náà: àgbà a fún ọmọdé ní adìẹ sìn, bó bá pamọ, wọn a jọ pín ọmọ rẹ̀, kí ọmọdé lè kọ́ bí a ṣe ń ní nǹkan. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Kò sí ọjọ́ tí n kì í wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá Ẹ̀yìn.

Adìẹ gbogbo wa jọ ń jẹ̀ káàkiri ni, kò sí ẹni tó kọ́ ilé fún tirẹ̀. Kí a má baà ṣi adìẹ ara wa mú, olúkúlùkù ní àmì. Màmá onílé a gé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀ kan. Àwa ń fi àkísà pupa so tiwa lẹ́sẹ̀, ìyàwó dírẹ́bà ń fi funfun. Ti Màmá Ẹ̀yìn jẹ́ àkísà kákí kan tó ti ṣá, ó nípọn, ó fi wé ẹsẹ̀ ọ̀tún adìẹ náà yíká, ó sì ta á ní kókó mẹ́ta. Ohun tó fi máa ń kìlọ̀ fún mi kò ju ẹyọ kan lọ: "Bó o bá fẹ́, fún un lóúnjẹ. Bó o bá fẹ́, gbé e jó. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan àkísà ẹsẹ̀ rẹ̀ o." Mo ní, "Ẹ ṣé mà, mo gbọ́." Mo gbọ́ lóòótọ́.

Àjíǹde ọdún yẹn ló bà á jẹ́. Màmá mi rán aṣọ tuntun fún mi, áńkárá olódòdó, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò. Àwọn gígé tó kù nílẹ̀, ó ní kí n kó wọn, kí n fi ṣeré. Mo wo Màmá Ẹ̀yìn, ó tún fẹ́ wọ aṣọ dúdú kan náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo wá rò ó lọ́kàn ọmọdé mi pé bí òun kò bá ní aṣọ ọdún, ó yẹ kí adìẹ rẹ̀ ní. Mo ní n ó tú àkísà ìdọ̀tí yẹn kúrò, n ó fi áńkárá tuntun so ó, tó bá rí i inú rẹ̀ á dùn. Ẹ gbọ́ ìwà ọmọdé! Ìfẹ́ ló sún mi ṣe é. Bí mo bá tún rò ó, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

A ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá wa ń se ìrẹsì ní iwájú ilé, gbogbo àgbàlá ń ta sánsán. Mo fi àgbàdo tan adìẹ náà lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo gbá a mú, mo fi eyín tú kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkísà bọ́. Mo rí ògàn. Ó gùn tó oríkèé ìka mi, ó tẹ̀ sókè, ẹnu rẹ̀ mú. Ti ẹsẹ̀ òsì kò ju wóró àgbàdo lọ, ti ọ̀tún nìkan ló gùn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi dẹ̀, adìẹ já mọ́ mi lọ́wọ́, ó gba àárín ilé jáde sí iwájú gbogbo èèyàn.

Ìyàwó dírẹ́bà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ju ṣíbí sílẹ̀. "Yéè! Ẹ wá wo nǹkan! Ẹ wo ẹsẹ̀ adìẹ yìí! Abo adìẹ ló hu ògàn yìí!" Gbogbo ènìyàn dìde. Wọ́n lé adìẹ náà mọ́ ògiri. "Ti ta ni? Màmá Ẹ̀yìn! Ìdí abájọ! Ẹ̀yin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹsẹ̀ rẹ̀ látọjọ́ yìí!"

Màmá Ẹ̀yìn jáde tòun ti ìborùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ó ní, "Ogbó ni. Adìẹ náà ti dàgbà, kò yé mọ́. Ṣé adìẹ kì í gbó ni?"

"Ogbó kẹ̀? Adìẹ tó gbó a máa di ọkùnrin? Lónìí ó hu ògàn, lọ́la á kọ bí àkùkọ. Ẹni tó ni ín ló ń sọ ọ́ di ọkùnrin. Ẹ bi í léèrè ohun tó gba ipò ọkọ rẹ̀ nínú ilé yẹn!"

Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó dírẹ́bà ṣe sọ ọ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé abo adìẹ tó bá kọ, wọn kì í jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó pa á. Ẹ̀rù ìyẹn ni Màmá Ẹ̀yìn ti ń bà tó fi ń di ẹsẹ̀ adìẹ rẹ̀. Obìnrin tí ọkọ kú fún, tí kò bímọ, tó ń dá gbé lẹ́yìn ilé, ó mọ ohun tí ẹnu ayé lè fi ògàn adìẹ ṣe.

Màmá mi dìde nídìí ìkòkò. Ó ní, "Ẹ̀yin, ẹ má ba ọdún jẹ́ fún wa. Adìẹ lásán ni. Ẹ jẹ́ á jẹun." Ó dáàbò bò ó lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dáàbò bò ó.

Ṣùgbọ́n ìyàwó dírẹ́bà kò dákẹ́. Ó ní, "Ta ló tiẹ̀ tú u?" Ó wo gbogbo àwa ọmọdé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró sẹ́bàá ògiri, mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, àkísà kákí wà nínú ọwọ́ kan, áńkárá wà nínú èkejì. Màmá Ẹ̀yìn wò mí. Ibi tó dúró sí, ó lè rí ọwọ́ mi láti ẹ̀yìn. Ó rí áńkárá náà, mo sì mọ̀ pé ó rí i, nítorí ojú rẹ̀ rọ̀. Ó yíjú sí wọn, ó ní, "Àkísà ti gbó. Ó ṣeé ṣe kó já fúnra rẹ̀."

Ó sọ ọ́ kí wọ́n má baà nà mí ni. Áà, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Ìyàwó dírẹ́bà pàtẹ́wọ́: "Ẹ gbọ́! Ó ní ó já fúnra rẹ̀! Lọ́jọ́ Àjíǹde! Kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀, Ọlọ́run ló tú u!" Láti ọjọ́ náà lọ, wọn ò sọ̀rọ̀ ògàn nìkan mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àkísà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ló di ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré láti ẹnu mi, "èmi ni mo tú u," ni ì bá fọ́ ẹ̀rí náà túútúú.

Mi ò sọ ọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ sídìí ààrò màmá mi, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ ti igi sínú iná, mo sì ju àkísà náà sínú rẹ̀. Ó jó. Ẹ̀rù ẹgba ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ara àbúrò mi gbóná. Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Láàárọ̀ ó gbóná, nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí gìrì ti mú un. Bàbá mi yá máṣìn, ó gbé màmá mi àti ọmọ náà sẹ́yìn, wọ́n forí lé ọ̀nà Karshi. Wọn ò tíì dé ibẹ̀ tí wọ́n fi yí padà. Mo rí i bí màmá mi ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì ń fi ìka nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fún un lọ́mú. N ó dákẹ́ lórí ìyẹn.

Àwọn èèyàn ń wá bá wa kẹ́dùn. Ìyàwó dírẹ́bà jókòó ti màmá mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi wà lórí ẹní, mo ń gbọ́. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ta ló gba ọmọ náà nígbà tí ẹ bí i? Ọwọ́ ta ló kọ́kọ́ bọ́ sí?" Màmá mi kò dá a lóhùn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ kejì kò dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá Ẹ̀yìn gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá bó ṣe ń gbé e wá láràárọ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Fẹnu kàn án díẹ̀, nítorí Ọlọ́run." Màmá mi yíjú kúrò. Ó ní, "Ẹ gbé e padà. Ẹ lọ bá adìẹ yín jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹgba ló dá mi dúró nígbà yẹn mọ́. Ohun tí mo ń rò ni pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ, tó bá jẹ́ pé nǹkan burúkú wà lára adìẹ náà tí àkísà yẹn fi ń dè é mọ́lẹ̀, èmi tí mo tú u ni mo pa àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbé ìyẹn sáyà, ó jókòó tì í. Màmá Ẹ̀yìn gbé abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀, ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Ó gbé e jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìyálẹ̀ta, ó wá fúnra rẹ̀. Ó ti fi okùn di ẹsẹ̀ adìẹ náà pọ̀. Ó gbé e lé màmá mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbà. Bó bá jẹ́ òun ni, kó tán síbí. Ìwọ ni kó o pa á, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀." Lẹ́yìn náà ó lọ ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Màmá mi pa á. Ọ̀bẹ kò wọlé dáadáa, adìẹ náà pẹ́ kó tó kú. Ìyàwó dírẹ́bà ní kí wọ́n la inú rẹ̀, pé wọ́n á rí nǹkan. Wọ́n là á. Màmá onílé ti wá dúró tì wọ́n, arúgbó ni, ó ti sin adìẹ kí a tó bí gbogbo wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹyin máa ń wà. Ẹ mọ̀ pé bí adìẹ bá ṣì ń yé, ẹ ó rí ẹyin kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò níbẹ̀, ńlá, kékeré, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ti eléyìí ti gbẹ, ó rún bí ọkà tó gbẹ mọ́ orí igi. Màmá onílé mi orí. Ó ní, "Kai! Tsufa ne kawai." Gbogbo wa gbọ́ Hausa tó ìyẹn: ogbó lásán ni. Ó ní abo adìẹ tó bá dàgbà, tí ẹyin bá tán nínú rẹ̀, òmíràn a máa hu ògàn. Ó ní òun ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta ní ilé bàbá òun, wọ́n sì jẹ ẹran wọn. Ó bojú wo màmá mi, ó rọra lọ.

Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìyẹ́ adìẹ. Ó bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé ó ti yé e nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ojú tì í. Ìbànújẹ́ ọmọ wà lára rẹ̀, ìtìjú tún gorí rẹ̀, kò lè gbé méjèèjì. Kò sí ẹni tó jẹ adìẹ náà. Bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin ín.

Ọjọ́ kejì ìyẹn ni Màmá Ẹ̀yìn di ẹrù. Ọkọ̀ kan ń lọ sí ọ̀nà Okun láàárọ̀, ó ní kí n bá òun gbé àpò dé títì. Nígbà tí a dé abẹ́ igi màngòrò tí ọkọ̀ máa ń dúró sí, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò ní bá ọ wí. Àkísà yẹn, níbo lo fi sí? Apá ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọkọ mi ni. Wọ́n pín gbogbo aṣọ rẹ̀ nílé, ìyẹn nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Mi ò rí i, mà."

Ó ní, "Kò burú." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Adìẹ rẹ yẹn, bó bá pamọ, a ò pín in mọ́. Tìrẹ ni gbogbo rẹ̀." Ọkọ̀ dé. Ó wọ̀ ọ́. Mo juwọ́ sí i, kò wẹ̀yìn. Mi ò rí i mọ́ láyé mi. A gbọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé ó kú, pé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ Okun kò jìnnà sí Abuja, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ sí Èkìtì ju ogún ìgbà lọ. Mi ò yà rí.

Èyí tí mo ń sọ yìí ni mi ò lè sọ lójú àwọn ọmọ mi. Nígbà tí àìsàn dá màmá mi dùbúlẹ̀, ilé àbúrò mi obìnrin ní Galadimawa ló wà. Mo lọ jókòó tì í ní ọ̀sán kan. Ó ti rù, ojú rẹ̀ wà lára àjà ilé. Ó kàn ṣàdédé ní, "Ìwọ ọmọ yìí. Àkísà ẹsẹ̀ adìẹ yẹn. Ṣé lóòótọ́ ló já fúnra rẹ̀?" Ẹ wo bí ọdún ṣe pọ̀ tó láàárín! Ó ti gbé e káàkiri pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti ní ọkọ, mo ti ní ọmọ, kò sí ẹgba tí ẹnikẹ́ni lè nà mí mọ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀, Màmá." Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa." Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ló lọ.

Ayé ti yí padà. Mo lọ sí Orozo lọ́dún tó kọjá, mi ò rí àgbàlá náà. Ilé alájà kan ló wà níbi tí kànga wà, géètì dúdú wà níbi igi màngòrò, kò sí adìẹ kan tó ń jẹ̀ kiri. Nígbà tí mo sọ ìtàn adìẹ náà fún ọmọbìnrin mi, ó tẹ fóònù rẹ̀, kò pẹ́ rárá tó fi ní, "Mọ́mì, wọ́n kọ ọ́ síbí. Adìẹ tó bá dàgbà lè hu ògàn. Òmíràn tilẹ̀ ń hu ún látìgbà tó ti kéré. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan." Mo ní, mo mọ̀. Màmá onílé ti sọ ọ́ nígbà tí fóònù ò sí. Kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ló lé Màmá Ẹ̀yìn lọ. Ẹnì kan wà tó mọ òtítọ́, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyẹn kò tíì yí padà, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i lórí Wásáàpù: wọ́n á gbé fọ́tò obìnrin arúgbó kan síbẹ̀, wọ́n á pè é ní àjẹ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n á wò ó, wọ́n á sì dákẹ́.

Mi ò jẹ́ kí ọmọbìnrin mi fa irun àgbọ̀n mi tu. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ogbó ni. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ fi ń sunkún nítorí adìẹ?" Mo ní kó máa di irun mi lọ.

Màmá Ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́. Kò já fúnra rẹ̀. Èmi ni mo tú u.